Etí La Fi Ń Kọ́ Ifá: Ẹ Má Fi Igi Ro Ó Mọ́

     

Ohun tí mo fẹ́ kọ lọ́tẹ̀ yìí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ìyá ilé mi ló ní, "Bàbá, ẹ kọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń ṣe." Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n rò ó fún yín bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ etí ni.

Láti ìgbà èwe mi ni mo ti máa ń ro etí. Ìyẹ́ adìyẹ ni bàbá mi ń lò, èmi náà bá a níbẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ ó jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án, ẹ ó ṣa ìyẹ́ kan tó gún dáadáa, ẹ ó já ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù kó ku ti orí nìkan, ẹ ó kì í bọ etí, ẹ ó máa yí i, ẹ ó sì máa dijú. Ó máa ń dùn bí oyin. Nígbà tí ayé wá là, a fi ìyẹ́ sílẹ̀, a bọ́ sórí kọ́tìn bọ́ọ̀dì, igi kékeré tí wọ́n fi òwú wé lórí méjèèjì. Àràárọ̀ tí mo bá wẹ̀ tán ni mo ń fi í ro etí. Tí mo bá yọ ọ́ tí mo rí pupa rẹ̀ lórí òwú, inú mi á dùn pé mo ṣe ìmọ́tótó. Mi ò mọ̀ pé èyí tí òwú ń kó jáde kéré sí èyí tó ń tì wọlé.

Nígbà òjò tó kọjá, mo wẹ̀ lọ́jọ́ kan, omi wọ etí ọ̀tún mi. Mo gbọn orí, kò jáde. Mo mú kọ́tìn bọ́ọ̀dì, mo kì í wọlé bí ọdẹ tó ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn. Láti ọjọ́ náà ni etí yẹn ti dí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ohùn mi á máa dún nínú orí ara mi bí ẹni tó kó orí sínú àmù. Ti òsì náà kò sì gbọ́ dáadáa mọ́ tẹ́lẹ̀, mi ò fura ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí etí rẹ̀ ń dí kì í mọ̀ pé òun ni kò gbọ́. Ohun tó ń rò ni pé àwọn yòókù ni kò sọ̀rọ̀ sókè. Ìyá ilé mi ní rédíò mi ti ń pariwo jù. Mo ní bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ ni mo ṣe yí i sókè. Awo ẹgbẹ́ mi kan pè mí lórí fóònù pé ìsọmọlórúkọ ọmọ òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́rú ni mo gbọ́, Ọjọ́rú ni mo sì wọ agbádá lọ. Mo bá àwọn obìnrin ilé tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní, "Bàbá, ọ̀la mà ni o." A jọ rẹ́rìn-ín, mo padà sílé. Lójú ọ̀nà, mò ń sọ fún ara mi pé fóònù ọkùnrin yẹn ni kò dára.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ awo mi. Ọdún kẹfà rèé tó ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ga. Tí a bá jẹun alẹ́ tán, á jókòó síwájú mi, á máa ka èyí tí mo kọ́ ọ, èmi á máa tẹ́tí gbọ́ ọ, màá máa dá a lóhùn níbi tó yẹ. Ẹ mọ̀ pé nídìí Ifá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ fò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣàkíyèsí pé ó ń fo ọ̀rọ̀. Mo dá a dúró. Ó tún un kà. Mo ní ó ṣì fò ó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo ní fóònù ló gbà á lọ́kàn. Mo ní irú wọn ló máa ba Ifá jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé ó ń bú mi. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ bá ìyá rẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó kó ẹrù, ó lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni kò fi sí ẹni tó ka Ifá lálẹ́ nínú ilé mi.

Etí kò ṣí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì kan. Kò wo etí mi rárá, ó kàn gbé oògùn tí wọ́n ń kán sí etí fún mi, ó ní kòkòrò ló wà níbẹ̀. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó lọ, etí dí síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kì í ṣe ojú lásán, pé àwọn kan ló fẹ́ gba iṣẹ́ awo lọ́wọ́ mi ni wọ́n ṣe dí mi létí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí o, bí etí ṣe dí tó! Ó rọrùn láti gbà ju pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é lọ.

Mo gbé Ifá kalẹ̀. Mo fi ìbò bèèrè bóyá ọwọ́ aráyé ni. Ifá ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo bèèrè bóyá kí n lọ sílé ìwòsàn. Ifá ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún bèèrè, torí pé mi ò fẹ́ lọ. Ìdáhùn kan náà ni. Ìyá ilé mi tó jókòó tì mí ní, "Bàbá, ṣé Ifá náà ni kò sọ̀rọ̀ sókè ni?" Mo dìde, mo wọ bàtà.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí, mo lè bí ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá ń bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: "Bàbá, ṣé etí yín ti ṣọyún rí? Ṣé ó ń dùn yín? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ síbẹ̀ rí? Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ?" Mo ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni dókítà mú ohun èlò kékeré kan tó ní iná lẹ́nu, ó rọra fa etí mi sókè àti sẹ́yìn, ó wo inú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fi ń ro etí?" Mo ní kọ́tìn bọ́ọ̀dì. Ó ní, "Mo rí i. Òwú rẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀." Ó ní ti ọ̀tún dí pátápátá, ti òsì dí ju ìdajì lọ. Ó ní ó ti le, òun kò ní fi ipá yọ ọ́, kí n lọ máa kán òróró ólífì sí i fún ọjọ́ márùn-ún, kí n padà wá.

Ẹ mọ̀ pé òróró ólífì yìí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gbàdúrà. Nígbà tí mo bèèrè rẹ̀, obìnrin tó ń tà á wo ìdè Ifá ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn?" Mo ní, "Etí mi ló fẹ́ ṣèrìbọmi, kì í ṣe èmi."

Mo kán an bí wọ́n ṣe ní kí n kán an. Lọ́jọ́ kejì, etí tún wá dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àyà mi já. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, pé bí ó bá ń rọ̀ ni ó máa ń wú. Lọ́jọ́ kẹfà, mo padà lọ. Wọ́n da aṣọ bo èjìká mi, wọ́n gbé abọ́ kan sábẹ́ etí mi, wọ́n fi síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọra tú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nǹkan kan já bọ́ sínú abọ́. Ó dúdú, ó tó kóró ẹ̀wà, òwú wé mọ́ ọn lára.

Kí n tó wo ohun tó jáde, mo ti gbọ́ fáànù tó wà lókè orí mi. Mo gbọ́ bàtà nọ́ọ̀sì lórí ilẹ̀. Mo gbọ́ obìnrin kan níta tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ awo mi wá sí mi lọ́kàn.

Mi ò lọ sílé. Mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi lọ sílé ìyá rẹ̀. Wọ́n bá mi gbé àga síta. Mo ní kí ọmọ náà ka ibi tó kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó kà á. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Bí bàbá mi ṣe kà á fún mi ló ṣe kà á. Mo bi í pé kí ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí mò ń bá a jà. Ó ní, "Bàbá, 'ẹ má bínú' ni mò ń sọ." Mo mú obì tí mo ti rà lójú ọ̀nà, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀. Àgbà tó bá ṣẹ ọmọdé, tó sì bẹ̀ ẹ́, ewú orí rẹ̀ kò ní já. A jọ padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òwe wa ní etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Èmi rí i pé ọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìn. Etí mi kò gbọ́, inú ọmọ ọlọ́mọ ló bàjẹ́.

Kí ló wà nínú etí gan-an?

Mo bèèrè ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́wọ́ dókítà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ihò etí àgbàlagbà kò jìn. Ìwọ̀n ínǹṣì kan péré ni, sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ní òpin rẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí ó tẹ́ bí awọ ìlù. Tí ohùn bá wọlé, á lu awọ yẹn, awọ á gbọ̀n, egungun kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gbé ìró náà lọ sínú. Àyàn kankan kì í fi igi gún awọ bàtá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ń fi igi gún ti etí wa láràárọ̀.

Ohun tí a ń pè ní ìdọ̀tí etí, orúkọ yẹn kò tọ́ sí i. Ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, nítòsí ẹnu ọ̀nà etí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú eruku kó má dé ibi ìlù etí, kó má jẹ́ kí omi ba awọ inú etí jẹ́, kó sì lé àwọn kòkòrò àìrí sẹ́yìn. Bí ẹ ṣe rí onibodè lẹ́nu ibodè ló rí. Etí a sì máa fọ ara rẹ̀: awọ inú rẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibi ìlù bọ̀ wá síta, tí yóò sì máa kó ìdọ̀tí náà bọ̀. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, tí ẹ ń rún obì, tí ẹ ń jẹ ẹran, àgbọ̀n yín ń bá a tì í síta. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á gbẹ, á já bọ́. Ẹ ó wá rí i pé ẹni tó fi igi ro etí ń lé onibodè padà sínú ààfin ni.

Tiwa aláwọ̀ dúdú sábà máa ń rọ̀, ó ń lẹ̀, ó sì pọ́n. Ti púpọ̀ nínú àwọn ará Ṣáínà, Jàpáànù àti Kòríà máa ń gbẹ, ó máa ń ṣí bí ìpẹ́. Àbùdá ni, kì í ṣe àìsàn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé tiyín pọ́n tó sì ń lẹ̀, ẹ má bẹ̀rù.

Àwọn tí ó sábà máa ń dí létí ni àwọn tó ń ro ó, àwọn àgbà, torí pé ó máa ń gbẹ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, àwọn tí irun hù nínú etí wọn, àwọn tí ihò etí wọn tóóró, àti àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ran. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ki íàpíìsì bọ etí láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Bí a ṣe lè ṣe é nílé

Bí etí kò bá dí, tí kò dùn yín, ẹ má ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fi aṣọ tútù nu ìta rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó parí. Òwe ní ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Ti etí, kò sí ìka tó tọ́ sí i.

Bí ó bá dí, kí ẹ tó kán ohunkóhun sí i, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ohun tí nọ́ọ̀sì bi mí. Ṣé etí náà ń dùn? Ṣé ó ń ṣọyún tàbí ó ń ṣẹ̀jẹ̀? Ṣé ìlù rẹ̀ ti lu rí? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i? Bí ẹyọ kan nínú rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má kán nǹkan kan, ilé ìwòsàn lẹ ń lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà, kó kọ́kọ́ rí dókítà, torí pé ọgbẹ́ kékeré nínú etí lè di nǹkan ńlá sí i lára.

Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ rárá, ẹ wá òróró ólífì tí kò ní lọ́fínńdà nínú, àti ohun tí a fi ń kán oògùn. Ẹ má gbé òróró ka iná. Ẹ kàn di ìgò rẹ̀ mú lọ́wọ́ títí yóò fi bá ara yín dọ́gba. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn, kí etí tó dí wà lókè. Ẹ kán ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ fi ọwọ́ rọra pa iwájú etí. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Tí ẹ bá dìde, ẹ fi aṣọ nu èyí tó ṣàn jáde, ẹ má fi òwú dí etí náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á rọ̀, á sì bá ọ̀nà tirẹ̀ jáde. Oògùn tí wọ́n fi ń rọ ìdọ̀tí etí náà wà lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́mísì tó mọ iṣẹ́, ẹ bèèrè, kí ẹ sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò.

Bí kò bá ṣí lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ra síríǹjì kí ẹ máa tú omi sí etí ara yín. Omi tó tutù ju ara lọ, tàbí tó gbóná jù ú, lè mú òòyì kọ èèyàn débi tí á fi ṣubú. Bí ìlù etí bá sì ti lu, omi yẹn á gba ibẹ̀ kó àìsàn wọlé. Wọ́n ní láti wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó tú omi sí i. Àwọn ilé ìwòsàn kan sì ní ẹ̀rọ tó ń fà á jáde láìlo omi rárá.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ kì bọ etí

Ìyẹ́ adìyẹ, kọ́tìn bọ́ọ̀dì, igi ìṣáná, kọ́kọ́rọ́, ìdérí bíró, píìnì irun, ọwọ́ ìgbálẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fi gbogbo rẹ̀ ro etí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àbẹ́là tí àwọn kan ń tà pé á fa ìdọ̀tí jáde, kì í fa nǹkan kan, iná ló máa ń jó èèyàn. Kẹrosíìnì, ìtọ̀, omi bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ẹ máa retí kí n sọ̀rọ̀ nípa ewé. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa máa ń fún omi ọ̀dúndún sí etí tó ń dùn. Mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò ní iná tí wọ́n lè fi wo ìdí etí. Àwa ní in. Ewé tí wọ́n ti gún lọ́wọ́, tí wọ́n fọ̀ lómi odò, bí ó bá gba ibi tó lu kọjá, ó lè ba etí jẹ́ títí ayé. Ọ̀sanyìn ló fún wa lọ́gbọ́n ewé, Ọ̀sanyìn kan náà kò ní ká di ojú lo ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo etí náà.

Ìgbà tí a kò gbọdọ̀ dúró de òróró

Bí etí kan bá ṣàdédé kọ̀ tí kò gbọ́ mọ́ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, tí kò dùn, tí nǹkan kan kò wọ inú rẹ̀, ẹ má rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé iṣan inú ni, oògùn rẹ̀ sì ní àkókò. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dúró, ó lè má ṣí mọ́.

Bí etí bá ń ṣọyún, bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ojú kan bá wọ́, ilé ìwòsàn ni. Bí ọmọdé bá ki bátìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú aago tàbí ohun ìṣeré bọ etí, ẹ má kán nǹkan kan sí i, ẹ gbé e sáré lọ, torí pé láàárín wákàtí díẹ̀ ló ti ń jó ẹran ara.

Ẹ̀yin tó ń gbá ọmọ létí, mo bẹ̀ yín. Afẹ́fẹ́ ìgbátí kan ṣoṣo lè fa awọ ìlù yẹn ya. Ọmọ tí ẹ ní kò gbọ́ràn, ẹ máa wá sọ ọ́ di ẹni tí kò gbọ́ràn lóòótọ́.

Dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ló mọ̀ nípa rẹ̀ jù. Wọ́n wà ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì OAU ní Ilé-Ifẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tún ní ilé ìwòsàn etí, National Ear Care Centre, ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n ti ìdọ̀tí lásán, ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín lè tó o. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdọọdún ni gbogbo ayé fi ń ṣe ìrántí ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn. Ẹ lè fi ọjọ́ yẹn mú àwọn àgbà ilé yín lọ.

Ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí

Ìyá kan bi mí pé ṣé òun lè fi àdín dípò òróró ólífì. Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àdín kì í wọ ilé tí a ti ń bọ Èṣù. Ẹ má torí etí já èèwọ̀. Òróró ólífì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ìgò kékeré kan á lò yín pẹ́.

Ọmọ ìyá kan bi mí nípa ọmọ ọwọ́, bóyá kí òun máa fún ọmú sí i létí. Rárá o. Ẹnu ni ọmú ń lọ. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ìta etí ọmọ nígbà tí ẹ bá wẹ̀ ẹ́, ẹ má ki nǹkan kan bọ ọ́. Bí ọmọ bá ń fa etí rẹ̀ tó ń sunkún, tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ bí ó ti rí. Odù 256 ni a ní, ẹsẹ rẹ̀ kò sì lóǹkà. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ogún ìṣẹ̀ǹbáyé tí ènìyàn fi ẹnu sọ tó ṣe iyebíye jù láyé. Ẹnu la fi ń sọ ọ́, etí la fi ń gbà á. Bàbá tí kò gbọ́ mọ́, tí kò sì mọ̀ pé òun kò gbọ́, á máa tún ohun tó tọ́ ṣe, á máa lé ọmọ tó mọ̀ ọ́n kúrò nílé. Ó kù díẹ̀ kí èmi ṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí rédíò kò bá pariwo tó, bí ọmọ awo yín bá dédé ń fo ọ̀rọ̀, kí ẹ tó bínú, kí ẹ tó ní aráyé ni, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wo etí yín.

Ọmọ awo mi ló ń ka Ifá nínú ilé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti dé ibi tí mo lé e lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mò ń gbọ́ ọ.

Etí wa kò ní di. Ire tí à ń retí, etí wa á gbọ́ ọ. Ìbànújẹ́ kò ní jẹ́ ohun tí etí wa ó máa gbọ́.